Ẹyin Mẹ́rin Abẹ́ Ẹyẹ Títí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ohun kan ṣoṣo ni n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi pín, ohun náà sì ni bàbá mi. Ẹ lè mú nínú ẹran mi, ẹ lè wọ bàtà mi, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi lórí àga onígi tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Jenta Adamu. Olùkọ́ ni wọ́n. Ìkọ̀lé Èkìtì ni wọ́n ti wá, ìjọba ló gbé wọn wá sí Jos kí wọ́n tó bí mi, èmi nìkan náà sì ni ọmọ tí wọ́n bí. "Ìyá mi" ni wọ́n máa ń pè mí, nítorí wọ́n ní mo jọ ìyá tó bí wọn.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Jos nígbà náà kò ní gbàgbé bí ọyẹ́ ibẹ̀ ṣe rí. Ètè á là, gìgísẹ̀ á là, omi inú garawa á tutù débi pé ọmọ á kàn fi bọ́jú, á ní òun ti wẹ̀. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, gwate gbígbóná ni màmá mi máa ń sè, ìyẹn acha, ọkà wínníwínní bí iyanrìn, tí wọ́n fi ewébẹ̀ àti ẹran sè pọ̀. Èmi ni mo máa ń ṣa òkúta inú acha náà. Bí òkúta kan ṣoṣo bá fi lè ta mọ́ bàbá mi léyín, orí ìkúnlẹ̀ ni màá ti jẹ tèmi.

Inú ọyẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Títí dé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́, bàbá rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lé e ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, bíi tèmi. Àpò kan ṣoṣo ló gbé dání. Ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, ó kí bàbá mi kú ilé, ó kí wọn kú iṣẹ́, ó kí wọn kú ìrójú. Ní tèmi, ọmọ Jos ni mí. "Bàbá, ina kwana," bí àwọn Hausa ṣe ń kíra wọn, ni mo fi ń kí wọn láàárọ̀, màá sì ti kọjá lọ. Bàbá mi wo Títí, omi lé ròrò sójú wọn. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti ń sọ èdè Èkìtì tó jinlẹ̀ lórí àga onígi yẹn, tí èmi á jókòó bí àlejò, tí màá máa wo ẹnu wọn. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, n kò sì mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Mo jowú. Kí n má parọ́ fún yín, mo jowú gan-an. Mo máa ń ka ẹran inú àwo rẹ̀. Bí bàbá mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń ṣọ́ ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ dá lóhùn. Bí Títí bá gbálẹ̀ tán, màá rọra da ìdọ̀tí díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí màmá mi lè rí i.

Bàbá Davou ló mú ọ̀rọ̀ ẹyẹ wá. Ará abúlé Du lẹ́bàá Jos ni wọ́n, ọmọ ẹ̀yà Berom, àwọn ló ń ṣọ́ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tí bàbá mi ti ń kọ́ni, wọ́n sì máa ń kó pòtétò oko wọn wá fún wa. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé àgò méjì dání, èyí tí wọ́n fi pòròpórò ọkà bàbà ṣe, ẹyẹ méjì sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹyẹ tíntìntín ni wọ́n, orí wọn dúdú, ikùn wọn funfun, ẹnu wọn kúkúrú, ó sì nípọn. Tsuntsu, ọ̀rọ̀ Hausa fún ẹyẹ, ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ní Yorùbá, n kò mọ̀ títí dòní. Akọ àti abo wọn jọra bí ìbejì. Bàbá Davou fún Títí ní àgò kan, wọ́n fún mi ní èkejì.

Wọ́n so kèrègbè kékeré kan tí wọ́n dá ihò sí mọ́ inú àgò kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá fi Hausa kọ́ wa bí a ó ṣe máa ṣọ́ wọn, èmi ni mo ń túmọ̀ fún Títí. "Bí ẹ bá rí i tó ń gbé koríko gbígbẹ wọ inú kèrègbè," ni wọ́n wí, "ilé ló ń kọ́. Bí ó bá ń gbé ìyẹ́, ẹyin ti dé tán. Bí kò bá wá jáde mọ́, àfi kó sáré mu omi, kó gbọnra, kó sáré padà, ó ti ń sàba nìyẹn. Ẹ má yọjú wò ó. Ẹyẹ tí ojú bá pọ̀ lára rẹ̀ á kọ ẹyin rẹ̀ sílẹ̀."

Ẹyẹ tèmi ló kọ́kọ́ yé. Ẹyin mẹ́jọ! Wọ́n funfun báláú, wọn kò ju ẹ̀wà lọ. Àwọn ẹyẹ méjèèjì fún ara wọn mọ́ inú kèrègbè, wọ́n jọ sàba. Ti Títí kò tíì yé rárá. Ọ̀kan nínú tirẹ̀ kàn máa ń wú àyà, á máa fò sókè fò sílẹ̀ lórí igi, á máa kọrin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí èkejì létí.

"Ijó ni tìrẹ mọ̀," mo máa ń wí fún un. "Tèmi ń ṣiṣẹ́."

Kì í bá mi jà. "Kú oríire, Bọ́sẹ̀," ni á sọ, bí àgbàlagbà.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ẹyin mi kò pa. Ti Títí wá yé mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sàba. Bàbá Davou tún wá, wọ́n rọra fi ṣíbí yọ ọ̀kan nínú ẹyin Títí, wọ́n gbé e sókè kọjú sí oòrùn. A rí nǹkan pupa tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú nínú rẹ̀. "Ẹ̀mí nìyẹn," ni wọ́n wí, wọ́n sì dá a padà sábẹ́ ẹyẹ. Nígbà tí wọ́n béèrè tèmi, mo ní kò séwu, mo dúró sẹ́nu àgò kí wọ́n má baà rí i. Bí wọ́n ṣe lọ tán, mo yọ tèmi wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi lásán. Gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ mọ́ gaara.

Bóyá ǹ bá mú un mọ́ra. Ṣùgbọ́n ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, Títí bu omi fún bàbá mi, wọ́n gbà á, wọ́n mu ún tán, wọ́n ní, "O ṣé, ìyá mi."

Ìyá mi! Orúkọ mi! Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí màmá mi rán Títí lọ lọ ata, mo mú ṣíbí ọbẹ̀. Mo kó ẹyin mẹ́rin Títí sábẹ́ ẹyẹ tèmi, mo kó mẹ́rin nínú olómi tèmi sábẹ́ ẹyẹ tirẹ̀, mo da mẹ́rin tó kù sẹ́yìn ilé. Mo rò pé àwọn ẹyẹ á kọ̀. Wọn kò kọ̀. Wọ́n wọlé padà, wọ́n sàba tọkàntọkàn.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹyin abẹ́ ẹyẹ mi pa. Ọmọ mẹ́rin, wọ́n wà níhòòhò, wọ́n la ẹnu sílẹ̀ gbàgà. Bàbá mi gbé mi lé èjìká, wọ́n ra tsire, ẹran sísun tí ata kún, wọ́n ní èmi ni kí n kọ́kọ́ mú. Títí ló yọ̀ jù nínú gbogbo wa. Ó ń pàtẹ́wọ́, ó ní kí màmá mi se ẹyin adìẹ kan, ó rún un lúbúlúbú kí àwọn ọmọ ẹyẹ náà lè rí nǹkan gidi jẹ. Tsire náà di igi lẹ́nu mi.

Tirẹ̀ kò pa. Láràárọ̀, kó tó bọ́jú, ó ti wà níwájú àgò. "Òní ni," ni á wí. Ilẹ̀ á ṣú, á ní, "Ọ̀la ni." Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, títí àwọn ẹyẹ rẹ̀ fi dìde kúrò lórí ẹyin náà, tí wọn kò padà mọ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo jókòó lẹ́yìn ilé ìdáná, mo ń ṣa acha, mo gbọ́ tó ń bá màmá mi sọ̀rọ̀.

"Mà, ẹ má jẹ́ kí n máa bu omi fún Bàbá mọ́."

"Kí ló dé?"

"Ohun tí mo bá fọwọ́ kàn ló ń kú."

Màmá mi fà á mọ́ra, n kò gbọ́ ohùn wọn mọ́. Ní tèmi, ojú mi ti ṣú, n kò mọ òkúta yàtọ̀ sí acha mọ́. Síbẹ̀ n kò jẹ́wọ́. Mo ń bẹ̀rù pé bí mo bá jẹ́wọ́, òun ni bàbá mi á máa fẹ́ràn títí ayé.

Kò pẹ́ tí Bàbá Davou fi dé. Bàbá mi fi àwọn ọmọ ẹyẹ mi hàn wọ́n. Wọ́n tẹjú mọ́ àgò, wọ́n tẹ́tí sílẹ̀.

"Ṣé ọ̀kan nínú àwọn àgbà yìí máa ń kọrin?"

Mo ní rárá.

"Ẹyin mélòó ni wọ́n yé?"

Mo ní mẹ́jọ.

"Haba!" ni Bàbá Davou ké. "Abo ni àwọn méjèèjì! Èmi ni mo ṣì wọ́n mú. Abo méjì á kọ́lé, wọ́n á yé, wọ́n á jọ sàba, ṣùgbọ́n ẹyin wọn kì í pa. Níbo ni àwọn ọmọ yìí ti wá?"

Bàbá mi túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún Títí, wọ́n wá yí ojú sí mi. Kí n tó mí, Títí ti kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni mo kó ẹyin tèmi sábẹ́ ẹyẹ Bọ́sẹ̀. Mo fẹ́ kí tirẹ̀ náà pa ni."

Bàbá mi ní kó dìde, ṣùgbọ́n ojú wọn kò kúrò lára mi. Mo fa Títí lọ sídìí ẹ̀rọ omi.

"Kí ló dé tí o fi parọ́?"

Ilẹ̀ ló ń wò. "Ilé yín ni," ló wí. "Bí wọ́n bá nà ọ́ nítorí mi, wọ́n lè ní kí n máa lọ. Kò sì sí ẹni tí mo lè lọ bá mọ́."

Ẹ gbà mí gbọ́, gbogbo ìgbà tí mo fi rò pé ó wá gba ilé mọ́ mi lọ́wọ́, ńṣe ló ń rìn jẹ́jẹ́ nínú rẹ̀ kí wọ́n má baà lé e jáde. Mo fi í síbẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀ fún bàbá mi, mo jẹ́wọ́ ní Hausa àti Yorùbá pọ̀, bí ó ṣe ń bọ́ lẹ́nu mi. Mo sọ ti ṣíbí, mo sọ ti "ìyá mi" tí wọ́n pè é.

Wọn kò nà mí. Wọ́n ní kí n wà lórí ìkúnlẹ̀ náà, kí n gbọ́wọ́ sókè. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, "Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra." Mo ní mo ti gbọ́. Wọ́n ní n kò tíì gbọ́, kí n gbé ọwọ́ òsì sókè dáadáa. Ìgbà tí apá mi ń gbọ̀n bí ewé ni wọ́n tó fà mí dìde. "Ìyá kan ṣoṣo ló bí mi, Bọ́sẹ̀," ni wọ́n wí. "Òun náà ló bí bàbá Títí." Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún.

Bàbá Davou ní kí a má gbé àwọn ọmọ ẹyẹ náà kúrò lábẹ́ àwọn tó ń bọ́ wọn, kí wọ́n má baà kú. A fi wọ́n síbẹ̀. Ìdájọ́ mi ni pé kí n máa fọ àgò, kí n máa wá koríko, tí wọ́n bá sì ti ń dá jẹun, ti Títí ni wọ́n. Ọ̀kan kú, mẹ́ta yè. Mo kó wọn lé e lọ́wọ́. Ó fún mi ní ọ̀kan, mo kọ̀. Nígbà tí màá fi rìn débi ìdáná kí n padà, ó ti fi í sínú àgò mi. Nígbà tó yá, ẹyẹ yẹn ló wá ń kọrin fún gbogbo ilé.

Owú náà kò tán lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n mo kọ́ èdè Èkìtì lọ́wọ́ Títí, òun náà kọ́ Hausa lọ́wọ́ mi, èébú ló sì kọ́kọ́ mọ̀.

Lóde òní, ibi tí a ti ń ṣa koríko gbígbẹ ní Jenta ti di ilé. Fóònù ni àwọn ọmọ wa ń sìn. Títí wà ní Àkúrẹ́ báyìí, ọmọbìnrin mi sì ń jowú ọmọbìnrin tirẹ̀. Irun tuntun, kéèkì, bàtà, gbogbo rẹ̀ ló ń rí lórí fóònù. Nígbà tiwa, ẹni tí a bá ń jowú, yàrá kan náà la jọ ń sùn, a sì ń gbọ́ nígbà tó bá ń sunkún. Mo bi ọmọ mi bóyá ó ti rí ibi tí ọmọ Títí ti ń sunkún lórí fóònù rí. Ó ní ta ló ń gbé ìyẹn síta?

N kò bá a jà. Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo fi í sínú ọkọ̀ Àkúrẹ́, mo sì sọ fún Títí pé bẹ́ẹ̀dì kan ni kó fún àwọn méjèèjì. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ojoojúmọ́ ló ń pè mí pé òun ń bọ̀ wálé. Ní ọjọ́ kẹrin, kò pè. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, èmi ni mo pè. Títí ló gbé e.

"Wọ́n ti jà lẹ́ẹ̀mejì," ló wí, "wọ́n sì ti parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ń dirun fún ara wọn. Fi wọ́n sílẹ̀, jàre."