Ilẹ̀ Alápáàdì Tó Wà Lábẹ́ Ìpìlẹ̀ Wa

Kọ́ǹ ni dígà dún lábẹ́ ilẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ mi sì dúró bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, òmìnira ṣì ku ọdún bíi mélòó kan, ní abúlé oko kan tí kò jìnnà sí Ìlá Ọ̀ràngún. Ìyàwó tuntun ni mí, mo lóyún àkọ́kọ́, yàrá kan ṣoṣo la sì ní nínú agbo ilé ọkọ mi, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tó ti di opó. Iṣẹ́ rélùwéè ni ọkọ mi ń ṣe l'Ékòó. Ó gba ìsinmi wálé kí a lè kọ́ ilé kí òjò tó dé. Ara mi kò lélẹ̀ mọ́. Mo ti rí ilé náà tán lọ́kàn mi, ibi tí àárò yóò wà, ibi tí n ó ti máa sá èlùbọ́. Ògiri kò tíì yọ, mo ti ń bá aládùúgbò jà lórí ẹni tí yóò da omi ìdọ̀tí sí ẹ̀yìnkùlé mi.

Àpáàdì ni dígà bá. Kì í ṣe èyí tó fọ́n káàkiri; ńṣe ni wọ́n tò ó ní ìdúró, ọ̀kan fara ti èkejì bí eyín lẹ́nu. A ń gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò, ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ náà kò tán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni a ti rí orí obìnrin kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n sì sun. Imú rẹ̀ ti ya, ṣùgbọ́n irun rẹ̀ ṣì wà ní dídì, ó sì gún régé ju tèmi lọ lọ́jọ́ náà. Mo fọwọ́ kan orí ara mi láìmọ̀.

Baálé ní kí a dáwọ́ dúró. Ó ní, "A kì í kọ́lé lé ilé onílé lórí láìbéèrè, bí onílé tilẹ̀ ti kú." Ṣùgbọ́n ta la ó bi? Kò sí àgbà tó mọ ẹni tó tẹ́ ilẹ̀ náà. Àwọn obìnrin ní kí n má wo orí náà mọ́, kí ọmọ inú mi má baà gbé imú yíya wá sáyé. Láti ìgbà náà, mo ń jókòó, mo ń dìde; mo ń gbálẹ̀ tó ti mọ́. Ìsinmi ọkọ mi ń tán lọ, òjò kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Tíṣà kan n'Ílá ló ránṣẹ́ sí ọkùnrin ìjọba kan n'Íbàdàn tó ń wá ohun àtijọ́ kiri. Nígbà tó dé, ó kúnlẹ̀ sórí àpáàdì náà, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ó ṣí ìwé àwòrán kan fún wa: ibojì òkúta àwọn ọba Íjíbítì, ilẹ̀ tí àwọn ará Róòmù fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́, àti àwọn ère òkúta Èsìẹ́ tí kò jìnnà sí wa. Ó tọ́ka sí ilẹ̀ àwọn ará Róòmù, ó ní, "Ìyàwó, kò síbi tí ènìyàn kì í ti í ronú ohun tí òun yóò ṣe kí ẹsẹ̀ òun má baà rì sẹ́rẹ̀." Ó wá ní bí a bá kọ́lé síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò bàjẹ́.

Ọkọ mi fara ya. "Ẹ̀yin nílé n'Íbàdàn, ọ̀gá. Èmi ńkọ́? Ṣé orí àpáàdì ni kí ìyàwó mi bímọ sí?"

Wọ́n ti pín gbogbo ilẹ̀ tó kù fún oko. Mo sunkún, mo ní Èkó ni mo ń bá ọkọ mi lọ, èmi tí n kò mọ Èkó rí.

Mo rò pé ìyá ọkọ mi kò fẹ́ràn mi, nítorí kò yin ọbẹ̀ mi rí. Òun ló dìde láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó mú àdá, ó ní kí a tẹ̀lé òun. Ẹ̀yìn agbo ilé ló mú wa lọ, sídìí igi obì tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Obì náà ló ń tà jẹun.

"Ẹ gé e, kí ẹ kọ́lé síbẹ̀. Obì á tún hù. Ilẹ̀ tí àwọn ará àtijọ́ tẹ́, ta ni yóò tún un tẹ́?"

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, kí lẹ ó wá máa tà?"

"Ṣé ìwọ ti kú ni?"

Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó dì mí lápá mú. "Dúró jẹ́ẹ́, ikùn rẹ kò gba ìyẹn."

Nígbà tí igi ń wó, ó jókòó, ó kọ̀yìn sí wa, ó ń bó ẹ̀gúsí. A kan páànù kí òjò tó le. Ọkùnrin ìjọba náà àti àwọn èèyàn rẹ̀ ya àwòrán ilẹ̀ alápáàdì náà, wọ́n sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó padà. Baálé yọ̀ǹda orí amọ̀ náà fún wọn. Nígbà tí mo bí ọmọbìnrin mi, imú ni ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ wò, òun tó ti ní ọ̀rọ̀ asán ni ohun tí àwọn obìnrin ń sọ.

Mo ti dàgbà báyìí ju ọjọ́ orí ìyá ọkọ mi nígbà náà lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wá bi mí ta ló tẹ́ ilẹ̀ náà, mo sì máa ń sọ pé n kò mọ̀. Wọn kì í bi mí nípa ẹni tí kò jẹ́ kí ó bàjẹ́. Obìnrin náà kò ya fọ́tò rí láyé rẹ̀. Mo máa ń gbìyànjú láti rántí bí ojú rẹ̀ ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo máa ń rí, bó ṣe ń lọ níwájú wa pẹ̀lú àdá lọ́wọ́.