Ìbéèrè Orí Adágún Dídì

"Rárá o, Àǹtí Verna, n ò ní jáwọ́!" Marlys fèsì níwájú ilé.

Àǹtí ní ó ti dàgbà ju ẹni tó ń bá bàbá ẹ̀ lọ pẹja lórí adágún tí òtútù ti sọ di yìnyín. Láti ìgbà tí Marlys ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń lọ. Bàbá á gbẹ́ ihò sínú yìnyín náà, ṣùgbọ́n ìwọ̀ ò ní wọ omi, àfi tí Marlys bá dáhùn ìbéèrè ẹ̀ nípa ohun tó ń dùn ún lọ́kàn.

"Ọmọ ọdún méjìlélógún! Ṣé bàbá ẹ náà lá bá ẹ délé ọkọ ni?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín, Àǹtí. Nígbà tí ọkàn mi dàrú ní yunifásítì, ta ló ti kọ́ mi pé kí n sọ ọ́ síta? Ọ̀la gan-an, à ń lọ!"

Bàbá jáde síwájú ilé. Ó gbé ìwọ̀ méjì sínú ọkọ̀.

"Marlys!" màmá ẹ̀ ké látinú ilé. "Wọlé wá jẹun, ẹja ti ń tutù!"