Ọkọ̀ Tí Kò Jókòó Mọ́

Títí di òní, bí òórùn bíréèkì tó ń jóná bá ti gba imú mi, ẹsẹ̀ mi méjèèjì á tutù. Ó lè jẹ́ tírélà kan ló ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀. Ohun tó bá sún mọ́ mi jù ni màá dì mú, ì báà jẹ́ apá ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Àwọn tí a jọ wọkọ̀ á máa wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, mi ò sì ní bá wọn wí. Ìwọ tí o mọ ọ̀nà oko wa, tí o mọ bí ilẹ̀ pupa ibẹ̀ ṣe máa ń yọ̀ lẹ́yìn òjò, ọ̀rọ̀ náà á yé ọ ju wọn lọ.

Ọkọ mi ní píkọ́ọ̀pù kan nígbà náà. Òun ló fi ń kó ẹ̀gẹ́ àwọn ará abúlé wa lọ sí ilé ẹ̀rọ gàrí ní ọ̀nà Akanran. Ọkọ̀ náà ti dàgbà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti rọ̀. Ẹrù díẹ̀ báyìí, ìdí rẹ̀ á wọlẹ̀, imú rẹ̀ á nà sókè bí ti ewúrẹ́ tó ń wá ewé jẹ lórí igi. Bó bá bọ́ sí kòtò, á máa mì jìgìjìgì, àwa obìnrin tí a jókòó sórí ẹ̀gẹ́ á máa ta sókè ta sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tó ń wọlẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹrù ti tó. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ni olórí ìkẹ́rù. Wọn á bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, wọn á ti ìkúùkù wọn bọ àárín táyà àti irin tó bò ó lórí. Bí ìkúùkù kò bá ti kọjá níbẹ̀ mọ́, wọn á pariwo pé, "Ó ti jókòó!" Ó tán nìyẹn. Bí ọba ló ni àpò tó kù nílẹ̀, ilẹ̀ náà ni yóò wà.

Nígbà tí jìgìjìgì náà pọ̀ jù, ọkọ mi gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì kan ní Adégbàyí. Mẹkáníìkì fẹ́ gbé e sókè gogoro, bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń ṣe tiwọn. Ọkọ mi kọ̀ jálẹ̀. "Orúnkún ìyá mi ò dáa. Bó bá fi lè ga ju báyìí lọ, wọn ò ní lè wọ̀ ọ́." Ni mẹkáníìkì bá yọ àwọn irin sípíríǹgì ẹ̀yìn tó ti rọ̀, ó fi èyí tó nípọn rọ́pò wọn, ó tẹ́ wọn pẹrẹsẹ kí ọkọ̀ má baà ga sí i, ó sì pààrọ̀ gbogbo ṣọ́ọ̀kì tó ń gba jìgìjìgì mọ́ra. Nígbà tó délé, bó ṣe ga lánàá náà ló ṣe ga. Ìyá ọkọ mi wọ̀ ọ́ láì di ẹnikẹ́ni mú, wọ́n sì ṣàdúrà fún ọmọ wọn títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọkọ mi wá ń yan kiri àgbàlá bí àkùkọ.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e la kọ́kọ́ kẹ́rù sí i. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ sì ń yọ̀. Bàbá olórí ìkẹ́rù bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ìkúùkù bọ ibi tí wọ́n máa ń tì í bọ̀, ó kọjá wẹ́rẹ́. "Kò tíì jókòó. Ẹ kó wá!" Wọ́n kó o wá. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ó tún kọjá. "Ẹ kó wá!" Inú gbogbo ènìyàn ń dùn, ẹni tí kì í ráyè fún ẹrù rẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà sáré lọ gbé tirẹ̀ wá. Ẹ̀gẹ́ ga kọjá orí ọkọ̀, ọkọ̀ sì dúró ṣánṣán bí ẹni pé kò ru nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti kọ́kọ́ bà mí. Mo wo táyà, ó ti wú síta bí ẹsẹ̀ aboyún.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò tíì tó? Ẹ wo táyà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, o ti lójo jù. Ọkọ̀ tí ẹrù bá wọ̀ lọ́rùn máa ń fi hàn."

Ìyàwó ilé kì í bá àgbà jiyàn nídìí ẹrù. Ìyá ọkọ mi wọ iwájú, mo gbé ọmọbìnrin mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, lé wọn lẹ́sẹ̀. Èmi àti obìnrin méjì gun orí ẹ̀gẹ́. Ọkọ mi ló ń wakọ̀.

O rántí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò, níbi tí afárá onípákó wà. A kò tíì dé ìdajì rẹ̀ tí mo fi rí i pé igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ń sáré kọjá jù. Lẹ́yìn náà ni òórùn yẹn dé, òórùn bí ẹni ń sun rọ́bà. Ọkọ mi ń fun fèrè, kò sì sẹ́nì kankan níwájú wa. Obìnrin ọ̀tún mi ń ké "Jésù! Jésù!", ti òsì ń ké "Yà Àlláhù!" Èmi kò ké pe ẹnikẹ́ni. Irin orí ọkọ̀ tí ọmọ mi wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan ni mo ń wò, mo sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, pàá, pàá, bí ẹni pé ọmọ á gbọ́, á ṣílẹ̀kùn, á jáde wá bá mi. Mo rò ó nínú mi pé bí a bá dé afárá báyìí, ó parí.

Kí a tó dé afárá, ọkọ mi ya ọkọ̀ wọ inú oko olóko. Ó gun ebè kan, ó gun òmíràn, ilẹ̀ rírọ̀ sì gbé táyà mì, ó dúró gbì! Ẹ̀gẹ́ gbé gbogbo wa dà sílẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ mi bó, mi ò mọ̀. Mo sáré dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ó ti há. Ìyá ọkọ mi tẹ̀ ba, wọ́n fi gbogbo ara bo ọmọ mọ́lẹ̀.

"Ìyá! Ìyá, ọmọ mi dà?"

Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbórí sókè. Ọmọ wà lábẹ́ wọn, ojú rẹ̀ là kedere, ẹnu rẹ̀ pa dé. Kò sunkún. Mo fà á gba ojú fèrèsé jáde, mo mì ín, ó kàn ń wò mí. Gbogbo ẹ̀rù tó ti bà mí lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. "Sunkún," mo ní, "mo bẹ̀ ọ́, sunkún fún mi!" Ìgbà tó wá lọgun, mo jókòó sínú ẹrẹ̀.

Àwọn ará abúlé gbọ́ ariwo, wọ́n sáré dé. Bàbá olórí ìkẹ́rù lọ tààrà sídìí ọkọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ nídìí táyà kejì tí ilẹ̀ kò tíì bò, wọ́n ti ìkúùkù bọ̀ ọ́. Ó ṣì kọjá. Wọ́n yọ ọwọ́, wọ́n ń wo ìkúùkù ara wọn. "Ó ń ru ú," wọ́n rọra sọ, "kò kàn sọ fún wa ni." Láti ọjọ́ náà, ọkọ mi fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára ọkọ̀, ẹ̀gẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá ìlà náà, bí ọkọ̀ jókòó, bí kò jókòó.

Ọmọbìnrin mi ti dàgbà báyìí. Kò rántí nǹkan kan nínú rẹ̀. Òun ló ń pọnmi wá láti ibi ẹ̀rọ omi, á sì máa bọ̀ ṣánṣán, kì í kérora, ọrùn rẹ̀ kì í tẹ̀. Àwọn aládùúgbò á ní, "Ọmọ yìí mà lágbára o." Bí mo bá ti gbọ́ bẹ́ẹ̀, àyà mi á já. Mo máa ń jáde lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, màá ní, "Ṣé kò wúwo?" Á ní, "Kò wúwo, màámi." Màá sì gbé omi náà kúrò lórí rẹ̀, màá gbé e sórí ara mi.