Bí A Ṣe Ń Kó Eérú Bọ́ílà Láì Jẹ́ Kó Fò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju ìdérí bọ́ílà lọ, èmi nìkan ni mo kó eérú tí wọ́n fi dí ẹrẹ̀ Thamesmead nílùú òyìnbó kí ilé tó lè dúró níbẹ̀. Garawa kan, ṣọ́bìrì kan. Bí ẹ bá ń rìn ní títì Yarnton Way níbẹ̀ tí ẹ rí i pé àtẹ́lẹsẹ̀ yín ń móoru, ẹ má dààmú. Kò tíì tutù tán ni.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá mi ránṣẹ́ pe èmi àti ìyá mi láti Abẹ́òkúta wá sí Woolwich. Yàrá kan la gbà lókè ilé opó òyìnbó kan tí gbogbo wa ń pè ní Mísìsì. Bọ́ílà wà ní kíṣínì ìsàlẹ̀, irin dúdú gìrìwò kan tó ń jẹ èédú bí àlejò tí kò mọ̀ pé òun ti sú onílé. Òun ló ń fún gbogbo ilé ní omi gbígbóná. Àdéhùn wa pẹ̀lú Mísìsì ni pé àwa ni yóò máa kó eérú rẹ̀ láràárọ̀. Bàbá mi ti ń lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Oyún ìyá mi ti wọ oṣù kẹjọ, kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ta ló kù?

Eérú èédú kò dà bí eérú igi. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀fun, ìtọ́wò rẹ̀ lẹ́nu sì dà bí ti irin. Gbogbo oúnjẹ wa ló ní díẹ̀ nínú: ẹ̀kọ òyìnbó tí ìyá mi ń fi àkàrà gbè lẹ́sẹ̀ kó lè di oúnjẹ gidi, àti ìrẹsì lílọ̀ tí a ń rò bí ẹ̀bà nítorí pé gààrì ò sí. Bí mo bá parí iṣẹ́, mo máa ń ṣa èédú wẹ́wẹ́ méjìdínláàádọ́ta, mo fi ń ta ayò fún ara mi. Èmi ni ọ̀ta tó ń jẹ, èmi náà ni ọ̀pẹ tí wọ́n ń jẹ.

Ní Abẹ́òkúta, ọmọ tó bá gbá àgbàlá láì kọ́kọ́ wọ́n omi sílẹ̀, ìgbálẹ̀ yẹn náà ni wọn yóò fi nà án. Ohun tí mo mọ̀ nípa eruku nìyẹn: omi ni oògùn rẹ̀. Ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè kan, mo ṣí ilẹ̀kùn bọ́ílà, mo rí i pé eérú pọ̀ gan-an, èédú díẹ̀ sì ṣì pọ́n láàárín rẹ̀ bí ojú ẹni tí kò sùn. Mo ní eruku tó pọ̀ tó báyìí, omi tí a fi ọwọ́ wọ́n kò lè ká a. Mo bu abọ́ omi kan, mo dà á lé e lórí.

Ọyẹ́ kò tó ohun tó jáde níbẹ̀. Ó ké ṣììì, ó tú jáde, ó bo àjà, ó bo tábìlì, ó bo búrẹ́dì Mísìsì. Ó sì bo aṣọ ìtẹ́sùn funfun mẹ́rin tí Mísìsì fọ̀ ní Sátidé, tó sá sórí okùn lókè bọ́ílà kó lè gbẹ. Wọ́n di àdìrẹ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ì bá bi wá bóyá a ní irú rẹ̀ tó jẹ́ aláwọ̀ ewé.

Mísìsì wọlé, ó wo aṣọ, ó wò mí. Bàbá mi gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ láti òkè, ó sáré sọ̀ kalẹ̀. Ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì ṣe ohun tí ọmọ tí a kọ́ nílé máa ń ṣe: ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eérú láti tọrọ àforíjì. Mísìsì rò pé ó dákú. Ó gbé kẹ́tùlù omi tútù, ó dà á sí i lórí.

Nígbà tí bàbá mi dìde, Mísìsì ti rí i pé ó yè. Ó ní, “Ọ̀sẹ̀ kan. Sọ́ńdè tó ń bọ̀, aṣọ mi yóò tún wà lórí okùn yìí. Bí mo bá rí eérú kan ṣoṣo lára rẹ̀, kí ẹ wá yàrá síbòmíràn.”

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ ohun tí wíwá yàrá síbòmíràn jẹ́ nígbà yẹn. Bàbá mi ti kan ilẹ̀kùn láti Woolwich dé Plumstead kó tó rí ti Mísìsì. Àwọn kan lẹ ìwé mọ́ fèrèsé pé àwọn ò gba adúláwọ̀. Àwọn mìíràn ò lẹ ìwé, ojú wọn ni ìwé. Òtútù ti bẹ̀rẹ̀, ìyá mi sì ń rìn bí ẹni tó gbé odó mì.

Bàbá mi ní kí n fi ìka kan gúnlẹ̀ kí n gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Mo wà bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi kún orí mi. Ìyá mi ló ní kó dá mi sílẹ̀. “Bàbá Kọ́lá, ẹ jẹ́ kí Kọ́lá dìde. Ẹ ò lè gbé ẹsẹ̀ ọmọ sókè kí eérú sọ̀ kalẹ̀.”

Ìyá tó bí ìyá mi, aláró ni. Ó ti ń fi eérú ṣiṣẹ́ kí bọ́ílà tó dé ayé. Ìyá mi fi ẹ̀yìn ti ògiri kíṣínì, ó na ìka sí mi. “Ìwọ ọmọ yìí, ta ní ń da omi lé eérú tí ojú rẹ̀ ṣì pọ́n? Ìbínú ló ń bí i. Jẹ́ kó sùn ná. Eérú tó bá sùn, o lè gbé e bí ọmọ.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. A ó jẹ́ kí iná kú, kí eérú tutù pátápátá mọ́jú. Láàárọ̀, a ó ṣí ihò èéfín sílẹ̀, kí eruku tó bá fẹ́ fò lè gba ibẹ̀ lọ. A ó tẹ́ ìwé ìròyìn tútù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó wọ́n ewé tíì tí wọ́n ti mu omi rẹ̀ tán, tó tutù ṣùgbọ́n tí omi kò ro lára rẹ̀, sórí eérú, gbogbo eruku yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn. A kì í ju eérú sínú garawa. A ó sọ ṣọ́bìrì kalẹ̀ dé ìdí garawa, a ó yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a ó fi aṣọ tútù bò ó, a ó sì dé e. Tí a bá dé ìta, ìyá mi á ní, “Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.” Kì í ṣe òwe ló ń pa. Ó ń sọ fún mi pé kí n kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́ ni.

Àwa kì í mu tíì. Mísìsì ló ń mu ún láti òwúrọ̀ dalẹ́, inú garawa ìdọ̀tí rẹ̀ ni mo sì ti ń ṣa ewé rẹ̀. Ó bá mi níbẹ̀ ní Túsìdeè, tí mo tẹrí bọ̀ ọ́. Ó lọ jókòó.

Láti Mọ́ńdè ni ìyá mi ti gbé sùtánà funfun rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo tó ní fún ìsìn, kọ́ sórí okùn lókè orí mi. Ó ní aṣọ ara òun ni òun fi ń kọ́ mi. Mọ́ńdè, eérú tó bà lé e kò níye. Wẹ́sìdeè, mẹ́ta, ìgbátí mẹ́ta. Fúráìdeè, ẹyọ kan, ó sì bá mi jiyàn pé méjì ni. Sátidé, kò sí.

Sọ́ńdè dé. Aṣọ ìtẹ́sùn mẹ́rin wà lórí okùn. Mísìsì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera. Ìyá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ lórí ikùn. Bàbá mi kò lè wò ó, ó wà lórí àtẹ̀gùn. Mo ń yí ṣọ́bìrì kẹta ni sísín dé. Ẹ̀yin tó mọ sísín eérú, ẹ mọ̀ pé kò gba ẹ̀bẹ̀. Mo gbé e mì. Títí di òní, n kò tíì sín in. Mo bo garawa, mo dé e, mo jáde, mo kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́.

Nígbà tí mo padà wọlé, Mísìsì ti kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, eékún méjèèjì nílẹ̀, ó ń sọ pé, “Ẹ kú iṣẹ́, Mà.”

Lóde òní, ọmọ ọmọ mi Tómi ń gbé Thamesmead. Fóònù ló fi ń dáná ilé. Á dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, á tẹ̀ ẹ́, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, eérú ò sí, ìka ò kan ilẹ̀. Nígbà tiwa, kí ara tó móoru, wàá ti kọ́kọ́ làágùn. Ilé wọn mọ́ ju tiwa lọ. N kò rí ẹni tó ń wo ẹnì kejì níbẹ̀ ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè. Èmi ò mọ èwo ló sàn.

Ọjọ́ tí mo sọ ìtàn yìí fún un, ó gbé ojú kúrò lára fóònù. “Grandpa, be serious. Òyìnbó kúnlẹ̀? O tún ti bẹ̀rẹ̀.”

Ìyá rẹ̀ pariwo láti kíṣínì, “Tómi! ‘Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀’ ni wọ́n ń sọ fún àgbà!”

Ó dára. Mísìsì kúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n eérú ló ń wá. Ó fi ìka nu ilẹ̀ abẹ́ bọ́ílà, ó wo ìka náà, ó tún nu ún, ó tún wò ó. Ó dìde, ó yẹ aṣọ rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ká a, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, a bá àwo kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ílà, ewé tíì kún inú rẹ̀. Ilé yẹn ni wọ́n bí àbúrò mi sí. “Ẹ kú iṣẹ́” yẹn nìkan ni mo parọ́ rẹ̀. Ìyá mi dúró síbẹ̀ tó ń retí kí ẹnì kan sọ ọ́ fún òun, mo wá fi í sí Mísìsì lẹ́nu.