Àwọn Ọmọ Ọ̀kà Kò Gbà Kí Ewúrẹ́ Mi Di Òkúta

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn ilé wa n'Ìbàdàn, mo gbé báàgì kọ́ èjìká, mo forí lé Ìkàrẹ́ Àkókó. Aṣọ ìpààrọ̀ kan ló wà nínú báàgì náà, pẹ̀lú omi, àti ìwé kejì nípa Hàṣììn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ka ti àkọ́kọ́, ewúrẹ́ ni Hàṣììn. Bó bá ti sín, ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ yóò di nǹkan mìíràn. Nínú ìwé kìíní, ó sín sójú ọba, adé di adìẹ, adìẹ náà sì yé ẹyin sórí kábíyèsí. Nínú èyí tí mo gbé dání, mo jẹ́ kí Hàṣììn sín sí ara rẹ̀, kó di òkúta níkẹyìn, kó lè gba ìlú rẹ̀ là. Ẹkún gba ojú mi nígbà tí mo kọ ọ́, inú mi sì dùn sí ẹkún náà. Ṣùgbọ́n kí n tó gbé e fún atẹ̀wé, mo fẹ́ kí àwọn ọmọdé gbọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ mi, Alhaja Rísíkátù, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ní kí n wá bá òun ní Ìkàrẹ́, kí òun mú mi lọ sí ilé ìwé kan l'Ọ̀kà.

Láti Ọ̀wọ̀ lọ, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Awakọ̀ ń yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì nítorí kòtò. N'Ìbàdàn, àwa náà ní òkè, ṣùgbọ́n ilé ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Níbí, àpáta ló ń wo ilé láti òkè, bí ìyá àgbà tó jókòó ti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo bi awakọ̀ bóyá a ti dé.

Ó ní, “Ẹ fara balẹ̀, màmá. Bí ẹ bá rí àpáta, Àkókó nìyẹn. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo, Ìkàrẹ́ nìyẹn.”

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Alhaja ti gún iyán dè mí. “Uṣu tuntun ni o,” ó ní. Iṣu tiwa yìí náà ni. Ilé pàápàá, ulé ni wọ́n ń pè é. Iyán náà funfun, kò ní kókó kankan, ó sì fà bí rọ́bà.

“Ìyá Dàpọ̀, ẹ jẹ ẹ́ dáadáa,” Alhaja ní. “Àwọn ọmọ tí ẹ fẹ́ lọ bá, wọn kì í pọ́n àlejò lé.”

Lọ́jọ́ kejì, a wọkọ̀ lọ sí Ọ̀kà, a gba Etioro kọjá. Ẹsẹ̀ àpáta ni ilé ìwé náà wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń lu bẹ́ǹṣì. Nígbà tí mo dé ibi tí Hàṣììn ti di òkúta, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára ni. Àfi bí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fọláṣadé ṣe dìde.

“Mà, ṣé ẹ ti tẹ̀ ẹ́?”

“Ó tì o.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́.”

Olùkọ́ wọn pariwo mọ́ ọn. Mo ní kí olùkọ́ náà jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

“Àpáta pọ̀ lọ́dọ̀ wa, mà,” Fọláṣadé ní, omi ti lé sójú rẹ̀. “Ewúrẹ́ tó ń pa wá lẹ́rìn-ín ni a ò ní.”

Ni kíláàsì bá dàrú. Wọ́n ń fi èdè Ọ̀kà bá ara wọn jiyàn, n kò gbọ́ ju “Hàṣììn” lọ. Ọkàn mi bàjẹ́ díẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni kí n wá ṣe sí i. Wọ́n ní kí n wá wo òkúta ná kí n tó sọ ewúrẹ́ di ọ̀kan. Bí a ṣe gun àpáta lẹ́yìn ilé ìwé nìyẹn, èmi lẹ́sẹ̀ lásán, Fọláṣadé dì mí lọ́wọ́ mú.

Òkúta náà gbóná bí ẹ̀yìn ẹranko. Ẹ̀gẹ́ àti ata ni wọ́n sá sórí rẹ̀. Ìyá kan ń fẹ́ ata gbígbẹ. Bí a ṣe dé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ yí padà, eruku ata sì kọlù wá. Alhaja ló kọ́kọ́ sín, gèlè rẹ̀ fò. Mo sín, olùkọ́ sín, gbogbo ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sín, títí a fi jókòó tí a di ikùn mú fún ẹ̀rín.

Fọláṣadé sáré wá, imú rẹ̀ ń ṣomi. “Mà! Ẹ ní kí wọ́n sá ata sórí Hàṣììn!”

Orí àpáta yẹn ni a ti parí ìwé náà. Òkúta sín, ó sì di ewúrẹ́ padà.

Nígbà tí mo padà dé ilé, ọkọ mi ṣí géètì. “Kí ni wọ́n wí sí i?”

“Wọ́n ní n kò mọ̀ ọ́n parí.”

“Ìwọ sì ń rẹ́rìn-ín?”

Mo ti rò pé ìwé tí kò bá pa ọmọdé lẹ́kún, ọgbọ́n rẹ̀ kò pé. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ l'Àkókó ni pé àwọn ọmọ náà mọ ìbànújẹ́, kò sí ẹni tó ní láti rìnrìn àjò wá fi hàn wọ́n. Mo wẹ̀, mo jẹun, mo sì pe atẹ̀wé pé kó ní sùúrù fún mi.