Ọ̀rẹ́ Mi Tó Fẹ́ Rí Odò Ọya

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Àjàṣẹ́, nígbà tí òmìnira ṣì jẹ́ tuntun lára wa bí aṣọ ọdún. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìrìn àjò, á kọ́kọ́ dijú, bí ẹni ń gbọ́ orin láti òkèèrè.

"Ẹ ṣáà jẹ́ ká gbéra," á ní. "Ọ̀nà á sọ ìyókù."

Ní fakáǹsì, ìsinmi ilé-ìwé fún ọdún Àjíǹde, àwa ọ̀rẹ́ mẹ́ta péjọ sílé wọn ní Ìfọ̀nyìn. Odò Ọya la fẹ́ lọ wò. Ìyá àgbà rẹ̀ gbọ́.

"Ṣé ẹ ó gba Kétu kọjá? Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Láti ọjọ́ tí mo ti wálé ọkọ, mi ò padà débẹ̀ mọ́."

Ọ̀rẹ́ mi dijú. Nígbà tó lajú, ó ní, "Ìyá, ẹ múra ká lọ."

Ní Kétu, arúgbó obìnrin kan tẹjú mọ́ ìyá àgbà, ó sì fi orúkọ ìgbà èwe wọn pè wọ́n. Àbúrò wọn ni.

Ibẹ̀ ni fakáǹsì wa parí sí.

"Odò Ọya wá ńkọ́?" ni mo bi ọ̀rẹ́ mi.

Ó nawọ́ sábẹ́ igi, níbi tí àwọn méjèèjì ti dùbúlẹ̀ sórí ẹní kan ṣoṣo, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge.

"Wò wọ́n ná," ló wí.