Ìró Bọ́tìnì Nínú Agolo

Ọdún méjìlélógún ni obìnrin kan fi ránṣọ kí ó tó di olùkọ́. Ẹ̀yìn ríro ni ó lé e kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ó padà lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ láàárín àwọn tí ó lè bí lọ́mọ, ó gbàwé ẹ̀rí, wọ́n sì fún un ní yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkàwé ní ilé ìwé kan: fèrèsé kan, tábìlì gígùn kan, àga mẹ́fà. Àwọn ọmọ tí ìṣirò kì í dúró sí wọn lórí ni wọ́n ń kó wá bá a níbẹ̀.

Bọ́tìnì ni ó fi ń kọ́ wọn. Bọ́tìnì ńlá ti ẹ̀wù òtútù dúró fún mẹ́wàá. Bọ́tìnì kékeré ti ṣẹ́ẹ̀tì dúró fún ẹyọ kan. Ọmọ á fọwọ́ pa á, á sọ ọ́ sínú agolo bisikíìtì, á sì kà á sókè. Gbàn ni ńlá ń dún, tín ni kékeré. Èyí kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ó kàn ṣàkíyèsí pé ohun tí ojú ọmọ gbàgbé, ọwọ́ àti etí rẹ̀ lè máa rántí. Ìyá Bọ́tìnì ni wọ́n ń pè é. Kò bá wọn jà sí i.

Ọmọ káfíńtà kan wà níbẹ̀ lọ́dún kan, ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá. Ó ń kàwé bí ẹní mu omi, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ń sá fún un. Ọ̀gá ilé ìwé ti sọ ọ́ gbangba: bí kò bá gba mẹ́rin nínú ìbéèrè ìyọkúrò márùn-ún, òun á dá a padà sí kíláàsì tí àbúrò rẹ̀ wà.

"Ìyá Bọ́tìnì, àbúrò mi á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ayé."

"Títí ayé ti pọ̀ jù. Jókòó, ká yọ méjìdínlógún."

Ogún tí ó dín méjì ni méjìdínlógún. Nítorí náà, ọmọ á kọ́kọ́ mú bọ́tìnì ńlá méjì kúrò, á wá dá kékeré méjì padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀gá gbà kí ó lo bọ́tìnì, ṣùgbọ́n inú ọ́fíìsì òun ni. Aṣọ tábìlì rẹ̀ nípọn bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì.

"Agolo wa ńkọ́, sà?" ni olùkọ́ bi í.

"Ariwo kò sí nínú àdéhùn wa, màdámù."

Agolo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà sọ bọ́tìnì sórí aṣọ, kò dún. Ó gbé e, ó tún sọ ọ́. Ó wo ojú olùkọ́ rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kọjá láìní ìdáhùn. Ìgbà náà ni ó yé obìnrin náà pé ẹ̀bi òun ni: ó ti kọ́ ọmọ, kò já a lẹ́nu agolo. Ó ku ìbéèrè mẹ́rin, kò sì sí èyí tí ọmọ náà lè pàdánù mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni ọmọ náà wí, "ṣé ẹ ti mu tíì yín tán?"

"Kí ló kàn ọ́ nínú tíì mi?"

"Àwo abẹ́ ife yẹn ni mo fẹ́ yá."

Ọ̀gá wo olùkọ́. Olùkọ́ wo ògiri. Ọ̀gá gbé ife kúrò, ó ti àwo sí ọmọ náà. Ìbéèrè kejì: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, yọ méjìdínlógún.

Gbàn mẹ́ta, tín mẹ́rin. Ó mú bọ́tìnì ńlá méjì jáde.

"Ó ti ṣì í," ni ọ̀gá wí, ó ti gbé bírò. "Ogún ló yọ."

"Ẹ ní sùúrù, sà, n kò tíì dá ṣéńjì padà."

Tín, tín. "Mẹ́rìndínlógún."

Ọ̀gá ṣe é lórí ìwé tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé bírò sílẹ̀.

Mẹ́rin ni ọmọ náà gbà. Ọ̀gá ní kí ó dúró sí kíláàsì rẹ̀, ṣùgbọ́n pé ní ìparí sáà tó ń bọ̀, pẹ́ńsùlù nìkan ni òun fẹ́ rí, kì í ṣe bọ́tìnì.

Lọ́jọ́ Ajé tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, Ìyá Bọ́tìnì fi ìwé òfìfo síwájú ọmọ náà, ó ní kí ó ya róbótó ńlá fún mẹ́wàá, róbótó kékeré fún ẹyọ kan. Ọmọ náà ń yà á, ó ń fi ẹnu ṣe gbàn, ó ń fi ẹnu ṣe tín. Olùkọ́ kò ní kí ó dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni sáà náà; àyè wà láti já a lẹ́nu gbàn àti tín.